Owó Fàdákà Gíríìkì Tó Gbé Ìdíje Sójú: Bí A Ṣe Ń Yàn Án, Tí A Ń Rà Á, Tí A sì Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ máa kó owó fàdákà Gíríìkì àtijọ́ tó ní àwòrán ìdíje jọ, ìdíje náà ni kó kọ́kọ́ kọ́, kó tó wá ọjà lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣe é lódìkejì. Wọ́n á rí ẹṣin tó ń sáré lójú owó kan, ọkàn wọn á fà sí i, wọ́n á sanwó, ìgbà tó bá délé tán ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí ohun tí wọ́n rà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí àwọn ará Gíríìkì ṣe ń fi ẹṣin sáré, bí wọ́n ṣe ń jìjàkadì, àti ẹni tí wọ́n ń dé ládé lẹ́yìn ìdíje, yóò rí nǹkan lójú owó tí ẹlòmíràn ò ní rí. Ayédèrú kì í sì í tètè mú irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Owó tí à ń sọ yìí kì í ṣe owó ìrántí bí èyí tí àwọn ìjọba òde òní máa ń tẹ̀ nígbà Òlíńpíìkì. Owó ọjà ni. Wọ́n fi sanwó fún ọmọ ogun, wọ́n fi ra ọkà, wọ́n fi san gbèsè. Àwọn ará Gíríìkì ayé ọjọ́un kò sí lábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo. Láti Sísílì àti gúúsù Ítálì títí dé etíkun Tọ́kì òní, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń tẹ owó tiwọn. Àwòrán tí ìlú bá sì fi sójú owó rẹ̀ ni ohun tó fẹ́ kí àlejò fi mọ òun. Tí ìlú kan bá wá wo gbogbo ohun tó ní, tó ní ìjàkadì ni òun yóò fi síbẹ̀, a jẹ́ pé ìjàkadì kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán níbẹ̀.

Àwọn oníjàkadì Aspendos

Bí ẹ bá bi mí pé níbo ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, Aspendos ni n ó dárúkọ. Gúúsù Tọ́kì òní ni ìlú náà wà, kò jìnnà sí Antalya. Owó fàdákà ńlá tí wọ́n tẹ̀ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú Kristi, èyí tí wọ́n ń pè ní stater, sábà máa ń wọn gíráàmù 10.5 sí 11. Ó pọ̀ lọ́jà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ fi lè ṣà á yàn, èyí tó ti jẹ díẹ̀ kò sì ní kọjá agbára ẹni tó bá ní sùúrù.

Ẹ gbé ọ̀kan sábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi. Ọkùnrin méjì dojú kọ ara wọn ní ìhòòhò, àwọn àmì kéékèèké tò yí wọn ká. Ẹsẹ̀ wọn rinlẹ̀, orúnkún tẹ̀ díẹ̀, orí sún mọ́ orí. Lórí ọ̀pọ̀ nínú owó yìí, ọ̀kan nínú wọn ti gbá ọrùn ọwọ́ ẹnì kejì mú, tó ń wá ibi tí yóò tún fi ọwọ́ kejì dì mú. Ẹni tó bá ti dúró lágbo ìjàkadì rí mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọn ò tíì gbé ara wọn. Ọwọ́ ni wọ́n ṣì ń dù, nítorí ẹni tó bá gba ọwọ́ ẹnì kejì ló máa ráyè wọ̀ ọ́ lára. Nínú ìjàkadì àwọn ará Gíríìkì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni èèyàn gbọ́dọ̀ dá alátakò rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó borí. Ìbẹ̀rẹ̀ ìjà ni ẹni tó gbẹ́ òǹtẹ̀ náà yàn, kò yan òpin. Ìwọ̀n ara wọn dọ́gba, a kò sì tíì mọ ẹni tó máa ṣubú.

Bí ẹ bá kó tó mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ, ẹ ó rí i pé ìdìmú wọn yàtọ̀ síra. Ọ̀kan di apá mú, òmíràn di ọrùn ọwọ́ méjèèjì. Lẹ́tà Gíríìkì kan tàbí méjì máa ń wà láàárín àwọn oníjàkadì náà lórí àwọn kan. Àwọn lẹ́tà yìí ni àwọn olùkójọ fi ń ya ìpele títẹ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èmi gbà pé èèyàn lè fi gbogbo ayé rẹ̀ kó owó Aspendos nìkan kó má sì sú u.

Ní ẹ̀yìn rẹ̀, jagunjagun kan ló ń ta kànnàkànnà, ó wọ aṣọ kúkúrú, ó na apá, ó fẹ́ ta á. Níwájú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ mẹ́ta wà tí wọ́n so pọ̀ ní ìdí itan, orúkọ ìlú sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibí ni ìkìlọ̀ kan ti wà. Ẹ̀yìn owó Aspendos sábà máa ń ṣú, tí ojú jagunjagun náà kò ní hàn dáadáa. Ẹ má tètè pè é ní owó tó ti gbó. Òǹtẹ̀ ló ti jẹ tí wọn ò pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà owó náà lè ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́wọ́ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kó sì rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ tún ní àmì kékeré tí wọ́n lù sí i lẹ́yìn tí owó ti jáde. Àmì yẹn kò bà á jẹ́. Ẹ̀rí pé ó ná lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni, ó sì máa ń mú kí iye rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, èyí tó dára fún ẹ̀yin tí ẹ ń rà.

Kẹ̀kẹ́ ẹṣin Sísílì, àti ìbaaka Anaxilas

Àwọn olówó Sísílì fẹ́ràn eré ìje kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin ju gbogbo ìdíje lọ, torí òun ló náni lówó jù. Gelon, tó ń jọba ní Gela nígbà náà, borí ní Olympia lọ́dún 488 ṣáájú Kristi. Ọdún 485 ló gba Syracuse. Owó fàdákà Syracuse ti ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láyé Gelon ni Nike, òrìṣà ìṣẹ́gun, bẹ̀rẹ̀ sí fò lókè kẹ̀kẹ́ náà, tó ń dé àwọn ẹṣin ládé. Ẹ wo bí àwọn ẹṣin náà ṣe rọra ń rìn lórí àwọn owó àkọ́kọ́, tí ìlà ara wọn jẹ́ méjì-méjì kí a lè mọ̀ pé ẹṣin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin. Tó bá di ìparí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú Kristi, gbogbo rẹ̀ ti yí padà. Àwọn ẹṣin ń sáré tete, orí wọn ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún, awakọ̀ tẹ̀ síwájú.

Nígbà yẹn ni Kimon àti Euainetos gbẹ́ òǹtẹ̀ àwọn owó ńlá Syracuse tó ń wọn nǹkan bí gíráàmù 43, wọ́n sì kọ orúkọ ara wọn sí i. Lábẹ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin náà ni àṣíborí, asà àti ìhámọ́ra ẹsẹ̀ wà, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan tó sọ pé ẹ̀bùn ìdíje ni wọ́n. Ẹ wò wọ́n ní musiọ̀mù, kẹ́ ẹ má fi owó ilé rà á. Ẹyọ kan tó dára lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá-mẹ́wàá dọ́là. Owó alábọ́dé tó ń wọn nǹkan bí gíráàmù 17.2 láti ìgbà Gelon, tó ti jẹ díẹ̀, ló yẹ ká lé.

Èyí tó wù mí jù ní Sísílì ni ti Messana, nítorí pé ẹni tí kò mọ ìdíje kò ní mọ ohun tó ń wò. Ojú kọ́kọ́ máa ń tan èèyàn, á rò pé ẹṣin ni. Ẹ wo etí wọn, ó gùn. Ìbaaka ni. Eré ìje kẹ̀kẹ́ onìbaaka wọ Olympia lọ́dún 500 ṣáájú Kristi, wọ́n sì pa á tì lọ́dún 444. Anaxilas, ọba aláṣẹ Rhegion tó gba Messana, borí nínú rẹ̀, ó sì fi kẹ̀kẹ́ onìbaaka náà sójú owó ìlú méjèèjì, pẹ̀lú ehoro lẹ́yìn. Lórí àwọn ti àkọ́kọ́, awakọ̀ jókòó ni, kò dúró bíi ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin mẹ́rin. Aristotle sọ pé ẹni tó borí nínú eré onìbaaka bẹ akéwì Simonides pé kó kéwì fún ìṣẹ́gun rẹ̀; Anaxilas ni ọ̀pọ̀ gbà pé ẹni náà jẹ́. Owó tó mú wá kéré, akéwì sì ní òun ò lè máa ki ìbaaka. Nígbà tí owó pọ̀ tó, ó kì wọ́n, ṣùgbọ́n ìyá wọn tí í ṣe ẹṣin nìkan ló dárúkọ. Kò mẹ́nu kan bàbá wọn tí í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Olórin wa tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú mọ ibi tí wọ́n ń fò nínú oríkì.

Nítorí náà, tí olùtà bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹṣin méjì ló ń fa kẹ̀kẹ́ Messana, ẹ mọ̀ pé kò wo ohun tó ń tà dáadáa. Ẹ bi í ní ìbéèrè púpọ̀ sí i nípa àwọn ìyókù.

Ẹṣin Fílípì

Fílípì Kejì ti Makedóníà, bàbá Alẹkisáńdà, borí nínú eré ìje ẹṣin ní Olympia lọ́dún 356 ṣáájú Kristi. Plutarch sọ pé ìròyìn mẹ́ta dé bá a nígbà kan náà: ọ̀gágun rẹ̀ Parmenion ti ṣẹ́gun àwọn ará Illyria, ẹṣin rẹ̀ ti borí, ìyàwó rẹ̀ sì ti bí ọmọkùnrin. Lójú owó fàdákà rẹ̀ tó ń wọn nǹkan bí gíráàmù 14.4, orí òrìṣà Zeus wà ní apá kan. Ní apá kejì, ọmọdékùnrin kékeré kan wà ní ìhòòhò lórí ẹṣin gìrìwò, ó mú imọ̀ ọ̀pẹ dání.

Ọmọdé yẹn kì í ṣe Fílípì. Ọ̀pọ̀ ìwé àlàyé ọjà ló ń pè é ní ọba, wọ́n sì ṣì í. Nínú ìdíje ẹṣin, ẹni tó ni ẹṣin ni wọ́n ń dé ládé, kì í ṣe ẹni tó gùn ún. Ó ṣeé ṣe kí olówó ẹṣin má tilẹ̀ dé pápá. Báyìí ni Kyniska, ọmọbìnrin ọba Sparta, ṣe borí nínú eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin lọ́dún 396 àti 392, nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọlé dupò. Lórí owó Fílípì mìíràn ni ọba fúnra rẹ̀ ti gun ẹṣin, ó wọ aṣọ, ó sì na ọwọ́ sókè kí àwọn èèyàn. Ẹ má ṣe da méjèèjì pọ̀.

Wọ́n ṣì ń tẹ owó Fílípì lẹ́yìn ikú rẹ̀ lọ́dún 336. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtà bóyá ti ìgbà ayé rẹ̀ ni tàbí ti ẹ̀yìn ikú, torí iye wọn kì í dọ́gba. Àwọn ẹ̀yà Celt tó ń gbé lẹ́bàá odò Danube náà tẹ owó tó jọ ọ́, ẹṣin wọn á rí ṣàkàṣàkà, orí Zeus á di irun àti ojú ńlá. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú. Owó gidi ni lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́.

Àwọn yòókù

Taras ní gúúsù Ítálì ni ọ̀nà tó rọrùn jù fún àpò. Owó wọn pọ̀, àwòrán ẹlẹ́ṣin wọn yàtọ̀ síra lọ́nà tó ń yani lẹ́nu. Ẹ ó rí ọmọdé tó ń dé ẹṣin rẹ̀ ládé, ẹlẹ́ṣin tó gbé asà dání tó ń bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹṣin ṣì ń sáré, àti ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ẹṣin tó ń wo pátákò rẹ̀. Ní apá kejì, Taras, akọni tí ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, gun ẹja dọ́fíìnì. Kó tó di nǹkan bí ọdún 280 ṣáájú Kristi, wọ́n máa ń wọn nǹkan bí gíráàmù 7.8, lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di nǹkan bí 6.5. Ọgọ́rùn-ún dọ́là mélòó kan ń ra èyí tó dára.

Ti Kos kò wọ́pọ̀: ọkùnrin kan ń ju àwo irin, ìkòkò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí í ṣe ẹ̀bùn ìdíje wà lẹ́yìn rẹ̀, akàn wà lápá kejì. Ó lẹ́wà púpọ̀, ó sì wọ́n. Ti Larissa ní Thessaly kéré, kò ju nǹkan bí gíráàmù 6 lọ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì ń bá màlúù jìjàkadì lójú rẹ̀, ó fi ọ̀já dè é níwájú orí, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́yìn.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tí kì í ṣe gidi

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó lè ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Owó tó bá fi gíráàmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ sí ìwọ̀n tó yẹ, tí kò sì jẹ púpọ̀, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi dán an wò. Ẹ wọ̀n ọ́n ní gbígbẹ, ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó rọ̀ sínú omi kí ẹ sì tún un wọ̀n, kẹ́ ẹ wá fi ìyàtọ̀ méjèèjì pín ìwọ̀n gbígbẹ. Bí owó Aspendos kan bá wọn 10.80 ní gbígbẹ, tó wọn 9.77 nínú omi, ìyàtọ̀ jẹ́ 1.03, tí ẹ bá pín in, ẹ ó rí nǹkan bí 10.5. Fàdákà tó dára nìyẹn. Bó bá sún mọ́ 9, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Irú ìyẹn wà láyé àtijọ́ pẹ̀lú, àwọn olùkójọ kan sì ń wá a, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti gidi.

Àyẹ̀wò yìí kò lè mú ẹni tó fi fàdákà gidi ṣe ayédèrú. Carl Wilhelm Becker ará Jámánì, tó kú lọ́dún 1830, gbẹ́ òǹtẹ̀ tó dára tó bẹ́ẹ̀ tó fi tan àwọn ọ̀mọ̀wé jẹ. Ó máa ń kó owó rẹ̀ sínú àpótí pẹ̀lú ìfọ́ irin, ó máa ń gbé e sórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin rẹ̀ kó lè gbọ̀n títí yóò fi rí bí ohun àtijọ́. Fún irú èyí, ojú àti ìfiwéra nìkan ló kù.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni mo fẹ́ sọ yìí. Òòlù ni wọ́n fi ń tẹ owó láyé àtijọ́, wọ́n á gbé fàdákà gbígbóná sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọ́n á sì lù ú. Òǹtẹ̀ kan lè tẹ ọ̀pọ̀ owó, nítorí náà àwòrán méjì lè jọra pátápátá. Ṣùgbọ́n etí owó méjì kò lè jọra láé, bẹ́ẹ̀ náà ni ibi tí àwòrán bọ́ sí lórí fàdákà, tàbí ihà tó wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá rí owó méjì tó ní ihà kan náà ní ibì kan náà, tí etí wọn sì ya bákan náà, dídà ni wọ́n dà wọ́n. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wá àwòrán àwọn owó tó ti kọjá ní gbàǹjo lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní acsearch tàbí CoinArchives, kí ẹ fi wọ́n wéra pẹ̀lú sùúrù. Ẹ tún wo etí rẹ̀ fún ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká àti ihò wínníwínní tí afẹ́fẹ́ fi sílẹ̀ nígbà dídà.

Ẹ má ṣe ju owó sórí tábìlì láti gbọ́ dídún rẹ̀. Fàdákà tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ máa ń gbó láti inú, ó sì lè fọ́ bí ó bá balẹ̀.

Ibi tí ó ti wá

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lédè Yorùbá kò nílò àlàyé nípa bó ti ń rí kí wọ́n kó ohun àjogúnbá ìlú lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba Ìbìní lọ́dún 1897 ṣì ń bẹ káàkiri musiọ̀mù àgbáyé. Bí a ṣe ń béèrè ẹ̀tọ́ tiwa ni kí a mọ ẹ̀tọ́ tàwọn ẹlòmíràn. Lọ́dún 1984, wọ́n hú nǹkan bí 1,900 owó fàdákà jáde nítòsí Elmalı ní Tọ́kì, wọ́n sì kó wọn jáde ní ìkọ̀kọ̀. Ìjọba Tọ́kì pẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ọdún 1999 sì ni àwọn owó náà padà sílé. Ẹni tó rà wọ́n pàdánù wọn.

Nítorí náà, ẹ má ra owó lọ́wọ́ ọmọdé tàbí ẹnikẹ́ni tó bá ń tà á ní ẹnu ọ̀nà àwókù ìlú àtijọ́. Bí kò bá jẹ́ ayédèrú, ó lòdì sófin. Ẹ béèrè ẹni tó ni owó náà tẹ́lẹ̀, gbàǹjo tó ti jáde àti ọdún rẹ̀. Èyí tó ní ẹ̀rí tó ti wà ṣáájú 1970, ọdún tí UNESCO ṣe àdéhùn nípa ohun àṣà, ló dára jù. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà, ẹ ṣọ́ra gidigidi: láti 2011 ni wọ́n ti fi òfin dé ọ̀pọ̀ owó àtijọ́ láti Ítálì àti Gíríìsì, tí wọn ò ní jẹ́ kó wọlé láìní ìwé. Fún owó Taras, ẹ ó máa rí orúkọ olùkójọ kan, Vlasto. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé "Vlasto" pẹ̀lú nọ́ńbà, irú owó náà ló wà nínú àkójọ Vlasto tí Ravel tẹ̀ jáde lọ́dún 1947. Kò túmọ̀ sí pé owó yẹn gan-an wà lọ́wọ́ Vlasto rí. Ẹ béèrè kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn yín.

Rírà àti títọ́jú

Àwọn oníṣòwò tó wà nínú IAPN, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣòwò owó àtijọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Ẹ gba rìsíìtì tó sọ pé bí ó bá hàn lọ́jọ́ iwájú pé ayédèrú ni owó náà, wọn á dá owó yín padà. Ní gbàǹjo, ẹ rántí pé iye tí wọ́n pè kọ́ ni ẹ ó san. Owó tí ilé gbàǹjo ń fi kún un sábà máa ń tó ìdá kan nínú márùn-ún, kí a tó wá sọ ti owó orí ìjọba àti owó ìfiránṣẹ́. Ẹ kọ iye tí ẹ lè san sílẹ̀ kí ìpè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì kọjá rẹ̀.

Tó bá délé, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́, ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín pa á. Dúdú tó wà lára fàdákà àtijọ́ jẹ́ ara ẹwà rẹ̀, olùkójọ tó mọṣẹ́ sì máa ń sá fún owó tó ń dán yanranyanran. Ẹ di etí rẹ̀ mú, ẹ má fi ìka tẹ ojú rẹ̀. Ọ̀rá rírọ̀ tí wọ́n fi PVC ṣe máa ń yọ òróró aláwọ̀ ewé sí i lára. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi Mylar ṣe. Kẹ́ ẹ má so ó mọ́ rọ́bà, ẹ má wé e sínú ìwé ìròyìn. Nílùú tí òjò àti ọ̀rinrin pọ̀ bí Èkó, ẹ fi àpò kékeré tó ń fa omi sínú àpótí rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀.

Fún owó kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ káàdì kan: ìlú, ọ̀rúndún, ìwọ̀n, ohun tó wà lójú àti lẹ́yìn, nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé, ẹni tó tà á, ọjọ́ àti iye. Bí káàdì àtijọ́ bá bá a wá, kódà kó ti ya, kó jẹ́ ìkọ̀wé ẹni tó ti kú, ẹ tọ́jú rẹ̀ pọ̀ mọ́ tiyín, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó máa jogún àpótí náà pé owó àti káàdì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ya ara wọn.